Ta Ló Ń Pa Iná Ọmọ Ayò Mi?

Ẹnu àwọn ènìyàn ni iṣẹ́ mi. Eyín àtọwọ́dá ni mo ń ṣe. Àwọn dókítà eyín á kó àwòṣe ẹnu àwọn aláìsàn wọn ránṣẹ́ sí wa nínú páálí, itọ́ á ti gbẹ mọ́ òmíràn lára, ẹ̀jẹ̀ á wà lára òmíràn, oúnjẹ àná á ṣì há sí kọ̀rọ̀ òmíràn. Èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, kò sí ọjọ́ kan tí nǹkan kan nínú iṣẹ́ yìí kó mi nírìíra. Iwájú erìgì ẹlòmíràn ni mo ti ń jẹun ọ̀sán, oúnjẹ náà sì ń dùn mọ́ mi.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Bí mo bá wá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí mo fẹ́ràn jù láyé rí mi lára títí èébì fi gbé mi, ẹ má rò pé ọmọ tí wọ́n kẹ́ bàjẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Onígíláàsì ló fà mí wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ ilé iṣẹ́ wa lókè kẹrin ilé gíga kan, níbi tó ti ń gé gíláàsì fún àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa. Ó fi ọdún méje jù mí lọ, ó ti lọ́kọ, ó sì ti pinnu pé èmi náà gbọ́dọ̀ lọ́kọ, bí ẹni pé wọ́n fi ṣe iṣẹ́ àmúrelé fún un.

"Ìwọ ọmọ yìí, Sátidé mélòó lo tún fẹ́ fi jókòó ti bàbá ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi bàbá mi sílẹ̀ o."

"Eré kan wà tí èmi àti ọkọ mi máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan ló ń darí ẹ̀. Ọkùnrin ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Kò níyàwó."

"Mo ti gbọ́."

"Òun ló ń tún líìfìtì ilé yìí ṣe."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní mo ti gbọ́!"

Báyìí ni eré náà ṣe rí. Oníkálùkù wà nílé rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀. À ń gbọ́ ohùn ara wa, a ò rí ojú ara wa. Àwòrán ilé ńlá àtijọ́ kan la jọ ń wò látòkè, yàrá rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, àjà ilẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò kan, róbótó bíi bọ́tìnì, òun ló ń bá a rìn káàkiri inú ilé náà. Adarí ló ya ilé náà, òun ló mọ ògiri rẹ̀, òun ló mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Inú òkùnkùn làwa wà. Kí ọmọ ayò tó lè ríran, Adarí gbọ́dọ̀ ṣí ojú rẹ̀, kó sì fún un ní iná. Ibi tí iná rẹ bá mọ, ibẹ̀ lo máa rí mọ. Adarí nìkan ni kò sí òkùnkùn fún. Lójú tirẹ̀ gbogbo ilé mọ́ kedere, ibi tí a wà àti ibi tí a kò tíì dé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Sátidé àkọ́kọ́, mo wọlé, n kò rí nǹkan kan.

"Eléyín, ṣé o ti wọlé?" Ohùn ọkùnrin náà jinlẹ̀, kò kánjú. Onígíláàsì ti fi orúkọ iṣẹ́ mi júwe mi fún un.

"Mo ti wọlé."

"Kí lo rí?"

"Dúdú."

"Dúdú báwo?"

"Dúdú bí inú ìkòkò. Ṣé dúdú tún pín sí ọ̀nà méjì ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó pín o. Dúdú kan wà tó jẹ́ pé àwòrán náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ. Dúdú kan wà tó jẹ́ pé o wà nínú ilé, ojú ẹ ni ò là. Dúró. Lọ́dọ̀ tèmi, ó hàn kedere."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó fà á. Ó ní òun ò tíì kọ orúkọ mi sí ọmọ ayò náà, nítorí náà kì í ṣe tèmi. Ó kọ ọ́ sí i. Dúdú ṣì ni. Ó ní áà, òun ò ṣí ojú rẹ̀. Ó ṣí i. Dúdú ṣì ni. Onígíláàsì àti ọkọ rẹ̀ ti ń yán, ọkọ ti lọ gbé omi mu, ó ti dé. Adarí kò bínú. Ó wá ní, "Jọ̀ọ́, má bínú, orí ògiri ni mo gbé ẹ lé." Ó sún mi díẹ̀ sọ́tùn-ún, iná mi sì tàn.

Mo rí ilẹ̀ onípákó. Mo rí àga kan tó dojú dé, àti igun ògiri. Ìmọ́lẹ̀ mítà mẹ́fà péré ló yí mi ká, òkùnkùn ni gbogbo ìyókù. N kò lè sọ ìdí tí inú mi fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Bóyá nítorí pé ẹnì kan ti fi odindi ìdajì wákàtí béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni mo rí ni. Kò sẹ́ni tó ti bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà tí ènìyàn ti lè kọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí Adarí, tí àwọn tó kù kò ní rí i. Ó wà fún ọ̀rọ̀ eré: "Mo fẹ́ yọ wọ yàrá yẹn," "Mo fẹ́ jí kọ́kọ́rọ́." Ní oṣù kejì, mo ti ń kọ ohun mìíràn sí i. "Ohùn rẹ ti há, ṣé o ti mu omi?" Òun náà á kọ padà pé, "Mo ń mu ún lọ́wọ́ báyìí, ìyàwó." Bẹ́ẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹta, líìfìtì ilé iṣẹ́ wa kú. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kọrin lábẹ́lẹ̀ nínú ihò rẹ̀, mo sì mọ ohùn náà. Mo lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin kan dojú bolẹ̀ lórí àpótí líìfìtì náà, iná kékeré wà níwájú orí rẹ̀.

"Kí lo rí níbẹ̀?" mo bi í.

Ó gbé orí sókè, iná náà sì bọ́ sí mi lójú. "Eléyín," ó ní. "Dúdú ni mo rí o."

Ó kúrú ju ohùn rẹ̀ lọ. Irun imú rẹ̀ kan yọ síta. Gíríìsì dé ìgúnpá rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i, ó ní, "Má bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dọ̀tí." Mo bọ̀ ọ́. Mo di ọwọ́ náà mú tòun ti gíríìsì rẹ̀, n kò sì yára fọwọ́ lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi, káfíńtà tó ti fẹ̀yìntì, ló tọ́ mi dàgbà láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n gbé pẹ́ńsù kúrò lẹ́yìn etí, wọ́n tún gbé e padà.

"Ibo lẹ ti pàdé?"

"Nínú eré orí kọ̀ǹpútà, Bàámi."

"Eré. Àgbàlagbà tó ń ṣeré." Wọ́n mi orí. "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ohùn lo gbọ́. O ò tíì rí ilé ẹ̀, o ò tíì rí ìyá ẹ̀."

"Ènìyàn dáadáa ni."

"Kó wá. Kó jókòó sórí àga tí mo fọwọ́ mi kàn, kí n wo ojú ẹ̀."

Àwọn àga bàbá mi le bí òkúta. Wọn kì í fi tìmùtìmù sí i. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè jókòó sórí igi kò lè dúró lórí ọ̀rọ̀.

Mo sọ fún Adarí. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí ìyá òun kọ́kọ́ mọ̀ mí ná. Ìyá yìí jẹ́ ọ̀gá iléèwé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àwọn nìkan ló sì kù fún ọmọ wọn. Mo bi í pé ìgbà wo ni kí n wá kí wọn. Ó ní, "Díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti ń mọ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀." Mo rò pé ó ń ròyìn mi fún wọn ni. Mo tilẹ̀ dúpẹ́.

Ẹ máa rí i pé mò ń pe ìyá náà ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Kò ti inú mi wá.

Oṣù kẹrin ni òkùnkùn bẹ̀rẹ̀. Sátidé kan, bí mo ṣe ń rìn lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná ọmọ ayò mi kú. Mo ní, "Adarí, mi ò ríran mọ́." Ó ní lọ́dọ̀ òun ó hàn kedere. Ó tún iná náà ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún kú. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kú. Ó ní kí n jáde, kí n tún wọlé. Ó ní kí n pa kọ̀ǹpútà, kí n tan án padà. Ó ní bóyá ògiri kan ló ń dí mi. Ó ní bóyá mo tẹ nǹkan tí kò yẹ kí n tẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Kọ̀ǹpútà ẹ ló ti gbó."

Mo yá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ lò. Iná kú.

"Ṣé ojú mi ni?" mo bi Onígíláàsì.

Ó gbé mi jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, ó yẹ ojú mi méjèèjì wò. "Ojú ẹ dá ṣáká. Èmi ò sì tíì rí ojú tó ń fọ́ ní Sátidé nìkan rí. Àbúrò, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ojú."

Mo bẹ Adarí. "Lọ́dọ̀ tìẹ ló ti hàn. Wò ó láti ojú tèmi. Ṣé kò sí bí o ṣe lè wọlé bíi pé ìwọ ni èmi?"

"Ó wà."

"Ṣe é nígbà náà."

"Màá ṣe é."

Kò ṣe é. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá mo ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ń jókòó sínú òkùnkùn, mo ń gbọ́ tí àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá tí n kò rí, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i, nítorí ìyẹn nìkan ló kù fún mi nínú eré náà. Ohun tí mo kọ sí i nígbà yẹn pọ̀. Mo kọ nípa ọrùn rẹ̀. Mo kọ nípa ìyá mi. Mo kọ pé mo ń bẹ̀rù kí bàbá mi má gbà, àti pé bí wọn kò bá gbà, màá ṣì fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ tí mo mọ òtítọ́, a ń ṣeré lọ́wọ́ ni wọ́n pe Adarí láti ibi iṣẹ́. Ènìyàn mẹ́ta ti há sínú líìfìtì níbì kan. Onígíláàsì àti ọkọ rẹ̀ jáde. Iná mi ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀, inú sì ń bí mi. Ó ń wá bàtà rẹ̀ kiri ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Eléyín, jọ̀ọ́. Màá fún ẹ ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tèmi. Wọlé bí Adarí, wo ètò ọmọ ayò ẹ fúnra ẹ. Fi iná ẹ sí mẹ́fà. Mò ń lọ."

Mo wọlé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, gbogbo ilé náà mọ́lẹ̀ gbòò. Mo rí yàrá tí a ti ń wá láti oṣù kan. Mo rí ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pupa. Mo rí ọmọ ayò tèmi, kékeré, lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ṣí ètò rẹ̀. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ mẹ́fà sí fún iná, òdo ni wọ́n kọ. Mo kọ mẹ́fà. Bí mo ṣe ń wò ó, ó padà di òdo.

Mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo ní bóyá mo ṣi nǹkan tẹ̀ ni. Mo tún kọ mẹ́fà. Ó tún di òdo.

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo igun ìsàlẹ̀, níbi tí Adarí ti máa ń rí orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ilé. Àwa aláyò kì í rí i. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Adarí, ìyẹn èmi. Èkejì ni Igbákejì Adarí. A kò ní igbákejì kankan.

Ọ̀rọ̀ kan wọlé: "Ọmọ mi, kí ló dé tí o tún ń tan iná yẹn? Jẹ́ kó jókòó sínú òkùnkùn. Á sú u, á lọ."

Ìyá Adarí ni. Wọ́n rò pé ọmọ àwọn làwọn ń bá sọ̀rọ̀. Mo fa àwọn ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá wá sókè. Ǹ bá má ti fà á.

Ìyá rẹ̀: "Mo ti ka èyí tó kọ sí ẹ lónìí. Ó ní ọrùn rẹ dára fún un láti gbé orí lé. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ó hàn pé kò rí ìyá tọ́ ọ."

Adarí: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìyẹn mọ́."

Ìyá rẹ̀: "Mo ti pa iná rẹ̀."

Adarí: "Màmá! Ó ń yọ mí lẹ́nu pé kí n tún un ṣe. Kí ni kí n wí fún un?"

Ìyá rẹ̀: "Sọ fún un pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó."

Oṣù kan sẹ́yìn ni wọ́n kọ ọ́.

Mo sáré lọ síbi ìfọwọ́, mo dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nǹkan kan ń gòkè nínú ọ̀fun mi. Ọ̀rọ̀ tí mo ti inú mi yọ fún ẹnì kan ṣoṣo ti gba ẹnu ẹlòmíràn kọjá. Ìyá arúgbó kan ti fi awò ojú kà á, ó ti jẹ ẹ́, ó ti tu ú dànù. Mo ronú nípa ọrùn ọkùnrin náà, ọrùn tí mo fẹ́ràn, mo sì rí ojú ìyá rẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣíọ̀! Ìríra dé bá mi bí òtútù.

Mo bá a níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, nínú yàrá tóóró tí ẹ̀rọ líìfìtì wà. Ó rí ojú mi, ó sì mọ̀.

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ," ó ní.

"Ìgbà wo?"

"Màmá mi ní àwọn kàn fẹ́ wo irú àwọn tí mo ń bá ṣeré ni. Mo fún wọn láyè bí òǹwòran. Wọ́n ní dúdú làwọn ń rí. Òótọ́ ni, ẹni tí kò ní ọmọ ayò kì í rí nǹkan kan. Mo fi wákàtí méjì tún un ṣe lórí fóònù, kò ṣe é ṣe, ó sú mi. Mo kàn sọ wọ́n di igbákejì adarí. Ìyẹn ló yá jù. Igbákejì ń rí gbogbo nǹkan."

"Títí kan ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí ẹ."

"Mi ò mọ̀ pé ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo búra."

"Ìgbà tí o wá mọ̀ ńkọ́?"

Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti mọ́. "Ìyá mi ni, Eléyín."

"Èmi ńkọ́? Oṣù méjì ni mo fi jókòó sínú òkùnkùn. O ń sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà mi ló gbó. Mo lọ yẹ ojú mi wò!"

"Lọ́dọ̀ tèmi..."

"Má parí ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, má parí gbólóhùn yẹn."

Ó sunkún. Ohun tó tún rí mi lára jù nìyí, pé bó ṣe ń sunkún, mo fẹ́ nù ún lójú. Ìfẹ́ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dìde kúrò níjòókòó. Mo ní, "Gbọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Gba àyè yẹn lọ́wọ́ wọn. Bí o bá gbà á, wá jókòó sórí àga bàbá mi, màá fẹ́ ẹ. Bí o ò bá gbà á, mi ò fẹ́."

Lọ́jọ́ kejì ó pè mí. "Mo ti gbà á."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Onígíláàsì. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Háà! Irú kí lèyí?" Òun gan-an ló wá ń ṣe alárinà, ó gba ọ̀dọ̀ ìyá lọ, ó gba ọ̀dọ̀ bàbá mi bọ̀. Ó bi mí ní ìkọ̀kọ̀ pé, "Ṣé o gbà á gbọ́?" Mo ní iná mi kò kú mọ́ láti Sátidé méjì. Ó ní, "Mi ò bi ẹ́ léèrè iná."

Ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ tí àwọn òbí wa máa rí ara wọn, mo kọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí Adarí, àkọ́kọ́ látìgbà náà: "Àga bàbá mi le púpọ̀. Jókòó bẹ́ẹ̀, má yíra. Ìdánwò ni." Ó kọ padà pé, "Màá jókòó títí ìdí mi á fi kú." Mo rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyá náà ga, wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n kí bàbá mi dáadáa, wọ́n sì wò mí látòkè délẹ̀ bí ìwé ìdánwò. Onígíláàsì ń sọ̀rọ̀ dídùn. Bàbá mi nawọ́ sí àwọn àga. Adarí jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, kò yíra. Mo ń wò ó, ọkàn mi ń rọ̀.

Ìyá náà kò tíì jókòó. Wọ́n ṣí báàgì wọn. Wọ́n yọ tìmùtìmù kékeré kan jáde, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga bàbá mi.

"Ẹ má bínú," wọ́n ní. "Mo gbọ́ pé àga ilé yìí le."

Bàbá mi wo tìmùtìmù náà. "Ta ló sọ fún yín?"

Ìyá náà ti rí àṣìṣe wọn, ojú wọn yí sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Adarí ń wo ilẹ̀. Mo ń dúró de ẹnu rẹ̀. Kó kàn sọ pé, "Èmi ló sọ fún wọn," kó tilẹ̀ purọ́ nítorí mi. Tàbí kó sọ pé, "Màmá, ohun tí ẹ ṣe yìí kò dáa." Ọ̀kan nínú méjèèjì ì bá tó mi. Ó ń wo ilẹ̀.

"Mo béèrè," bàbá mi ní, "nítorí ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń kan àga, ọmọ mi nìkan ló máa ń sọ fún mi pé ó le."

"Bàámi," mo ní, "ẹ jẹ́ kí n gbé omi wá." Mo wọ ilé ìdáná. N kò gbé omi kankan jáde. Onígíláàsì ló wá sọ fún wọn pé orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ kẹrin, Adarí ránṣẹ́. Ó ránṣẹ́ ní ìgbà mọ́kànlá. Ó ní àánú ìyá òun ló ṣe òun nígbà yẹn, wọ́n ń sunkún, òun dá àyè náà padà fún wọn, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn ò ní fọwọ́ kan iná mi mọ́. Ó ní ṣùgbọ́n òun ti gbà á báyìí, òun fi ayé òun búra. Ó ní kí n wọlé lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé mi.

Gbogbo ilé náà mọ́lẹ̀. Kò sí ògiri kan tó dí mi. Ó ti fún ọmọ ayò mi ní iná tó kárí ayé. Mo rí gbogbo yàrá, gbogbo ihò, ilẹ̀kùn pupa ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọmọ ayò tirẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga méjì tó yà síbẹ̀. Àga igi ni, kò sí tìmùtìmù lórí wọn.

"Ṣé o rí i?" Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Ó wà lọ́dọ̀ ẹ báyìí, kì í ṣe lọ́dọ̀ tèmi nìkan. Jọ̀ọ́. Mo wò ó láti ojú ẹ kí n tó pè ẹ́."

Ó wò ó láti ojú mi. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo fẹ́ gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo ti fẹ́ gbà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tún nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ dán an wò kó tó sọ pé ó ti dára. Mo ṣí ibi ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo kọ ọ́ sí Adarí: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Ẹ jàre mi. Mi ò ní fẹ́ ọmọ yín mọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ tí èémí rẹ̀ dúró bó ṣe kà á. "Eléyín, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́, èmi nìkan ni, mo ti sọ fún ẹ..." Mo ń ka ení, èjì nínú ọkàn mi. Mo ní bí mo bá kà dé ogún tí nǹkan kan kò wọlé, màá bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, màá fẹ́ ẹ lọ́la.

Mo ti ka mẹ́rìndínlógún. Ìdáhùn wọlé láti ọ̀dọ̀ Igbákejì Adarí.

"O ṣeun, ọmọ mi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa pè mí lọ́mọ.

Mo wo ilé náà tó mọ́lẹ̀ kedere yẹn, àti àga méjèèjì. Mo ní, "Mo rí i." Mo jáde, mo pa kọ̀ǹpútà náà. Mo lọ síbi ìfọwọ́, mo sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.